Mo Fi Ọmọ Ọmọ Mi Gbẹ̀san lórí Ọpọ́n Ayò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi sùúrù ka ohun tí mo bá kọ síbí, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí mo ṣe lo sọ́mà, ìsinmi ìgbà ooru, ọdún yìí. Ẹ̀san ni mo fi gbà. Mo lépa rẹ̀, ọwọ́ mi sì tẹ̀ ẹ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹ̀san náà yóò yà lọ́dọ̀ èmi pàápàá kí ó tó relé.

Ní Houston níbí, àwa àgbààgbà kan máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní àdúgbò Brays Oaks. Ooru ìta kò ṣé é bá ṣeré, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú gbọ̀ngàn, tábìlì wà, ọpọ́n ayò sì wà. Onígbàgbọ́ wà nínú wa, Mùsùlùmí wà nínú wa. Ayò kò jẹ́ kí a ráyè jiyàn ẹ̀sìn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n ta, òfin ayò yàtọ̀ sí òfin ilé. Nínú ilé, ọmọdé kò gbọdọ̀ la ojú mọ́ àgbà. Lórí ọpọ́n, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Ẹni tó bá pa ẹnì kejì ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n pa ni òpè. Ọ̀ta lè bú òpè bó ṣe wù ú, òpè kò sì gbọdọ̀ bínú. Òpè á dìde, á fi ìjókòó sílẹ̀ fún ẹni tó kàn, ọ̀ta á sì wà lórí ìjókòó tirẹ̀ gbọin-gbọin.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀kan nínú wa, tí a ń pè ní Ẹnjiníà, ti jókòó gbọin-gbọin! Ìlú Humble, lẹ́yìn Houston lọ́hùn-ún, ni ó ń gbé, ó máa ń wakọ̀ la ìlú já kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo ní Deer Park ni ó ti fẹ̀yìn tì. Ó mọ ayò ta, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Èmi tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ dàgbà, tí mo ṣe pírínsípà nílé kí n tó tẹ̀lé àwọn ọmọ mi wá sí Amẹ́ríkà, "Pírínsípà Ṣọ́ọ̀kì" ni ó ń pè mí.

Mo ń fara dà á. Títí Tiwa fi dé.

Tiwa ni ọmọ ọmọ mi, ọmọ Bọ́lá, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Minnesota. Ọmọ ọdún méje ni. Ìyá rẹ̀ gbà kí ó wá lo sọ́mà lọ́dọ̀ èmi àti ìyá àgbà rẹ̀, ẹ wo bí ilé wa ti kún fún ayọ̀! Yorùbá rẹ̀ kò ju kí ó kí èèyàn, kí ó bèèrè dòdò, kí ó sì mọ ìgbà tí wọ́n bá ń bá a wí. Síbẹ̀, bí ó bá kúnlẹ̀ kí mi ní òwúrọ̀, tí mo rí àlàfo eyín iwájú rẹ̀ tó ti yọ, orí mi á wú. Ó gbà pé kò sí ohun tí Grandpa òun kò mọ̀ lábẹ́ ọ̀run. Bàbá àgbà wo ni kò fẹ́ irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀?

Sátidé tó dé, mo mú un lọ sí gbọ̀ngàn kí àwọn ẹgbẹ́ mi lè rí i. Ó kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n súre fún un. Ẹnjiníà fún un ní bisikíìtì, ó wá nawọ́ sí ìjókòó tó ṣófo níwájú rẹ̀.

"Pírínsípà, ẹ máa bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wo bí wọ́n ṣe ń na olùkọ́."

Mo jókòó. Ẹ má bi mí bó ṣe lọ! Ó pa mí. Mo ní ká tún un ta, ó tún pa mí. Àwọn òǹwòran ń hó. Alhájì, ẹni tó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ jù nínú wa, ń fi fìlà bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Ẹnjiníà wá fọwọ́ lu tábìlì gbàà:

"Òpè, dìde fún ọ̀ta! Gbogbo ìwé tí ẹ kà, kò sí ayò níbẹ̀. Ẹ padà sídìí ṣọ́ọ̀kì yín, jàre!"

Mo dìde. Òfin ni. Mo rẹ́rìn-ín, òfin ni èyí náà.

Tiwa kò rẹ́rìn-ín. Nínú mọ́tò, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní òpè. Mo ní ẹni tí kò mọ nǹkan ni. A gun freeway, títì márosẹ̀ wọn níbí. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè pé, ṣé lóòótọ́ ni pé Grandpa kò mọ nǹkan?

Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí Ẹnjiníà bú mi níwájú ẹgbẹ́ mi, mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ó ti bù mí kù lójú ọmọ yìí. Ojú wo ni Tiwa yóò máa fi wò mí bí ó bá padà sí Minnesota? Lórí freeway yẹn ni mo ti búra pé kí sọ́mà tó parí, Ẹnjiníà yóò dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Èmi kọ́ ni n óò sì lé e dìde. Bí èmi bá pa á, yóò ní oríire lásán ni. Ọmọ tó bù mí kù lójú rẹ̀ ni yóò pa á! Ọmọ tó ń yọ eyín!

Bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọpọ́n ayò tèmi kalẹ̀ ní pálọ̀. Mo kọ́ Tiwa bí wọ́n ṣe ń pín ọmọ ayò yí ọpọ́n ká, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ilé kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́ ọ pé bí èyí tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀ bá sọ ọmọ inú ilé ẹnì kejì di méjì tàbí mẹ́ta, kí ó kó wọn jẹ. Mo ní kí ọwọ́ rẹ̀ tó jáde, kí ojú rẹ̀ ti rìn yí ọpọ́n ká. Ọmọ náà ń mu ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni mu omi.

Mo tún kọ́ ọ ní àìsàn tó ń ṣe Ẹnjiníà. Bí ọkùnrin yẹn bá ti ń rẹ́rìn-ín, kì í ka ọmọ ayò mọ́. Mo ní kí Tiwa jẹ́ kí ó máa rẹ́rìn-ín lọ.

Èyí tó kẹ́yìn ni gbólóhùn náà: "Òpè, dìde fún ọ̀ta!" A tún ohùn rẹ̀ ṣe títí ó fi dún geere. Mo ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pa, kí ó wí i fún un, ẹni yòówù kí ó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di gbólóhùn yẹn mú fún mi.

Bọ́lá pè láti Minnesota pé ṣé Tiwa ń ka àwọn ìwé tí òun dì fún un. Mo ní ìṣirò ni a gbájú mọ́. Ṣé irọ́ ni?

Ìyàwó mi, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná, kò fi ojú rere wò mí. "Bàbá Bọ́lá, ọmọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa o, wọn kò fi ọmọ ogun ránṣẹ́." Mo ní kí ó máa din dòdò rẹ̀. Ní ọjọ́ tí Tiwa kọ́kọ́ pa mí ní pálọ̀, mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi ni mo gbà fún ọmọ náà kí inú rẹ̀ lè dùn. Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin lẹ gbà fún un? Háà, ẹ kú inú rere." Ó tún wí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Tiwa tún pa mí.

Sátidé tó gbẹ̀yìn kí Tiwa tó lọ ni mo yàn. Mo dé fìlà tí mo máa ń dé lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹnjiníà ti wà lórí ìtẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ṣinṣín.

"Pírínsípà Ṣọ́ọ̀kì! Ẹ tún ti gbé ẹ̀yìn wá gba ẹgba?"

Mo fohùn tútù dá a lóhùn pé kì í ṣe èmi, ọmọ ọmọ mi ni yóò bá a ta.

Ẹ̀rín bẹ́! Ẹnjiníà ní ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni mo gbé wá bá òun jà. Ó ní kí òun má lọ pa ọmọ ọlọ́mọ, kí ó sunkún, kí ìyá rẹ̀ pe ọlọ́pàá fún òun.

"Ẹ̀rù ń bà yín ni?" Èmi ni mo bi í bẹ́ẹ̀.

Ó gba ayò. Tiwa kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó gun orí ìrọ̀rí tí mo tẹ́ sórí àga fún un. Ẹnjiníà ń ta, ó ń kọrin, ó ń bi í pé ta ló mú eyín rẹ̀ lọ, ó ń ṣẹ́jú sí àwọn òǹwòran. Ọpọ́n ni Tiwa ń wò. Ojú rẹ̀ ń rìn yí ọpọ́n ká. Ó jẹ méjì. Ẹnjiníà ní "Ó káre láé!" ó sì tún rẹ́rìn-ín. Tiwa jẹ mẹ́ta níbí, ó tún jẹ ilé méjì léra wọn lọ́hùn-ún.

Orin dáwọ́ dúró. Ẹnjiníà gbé ṣinṣín sílẹ̀. Alhájì yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Nígbà tí ọmọ ayò tán lórí ọpọ́n, Ẹnjiníà ka ti iwájú rẹ̀, ó tún un kà. Kò sí ohun tó yí padà.

Tiwa wo ẹ̀yìn, ó wò mí. Mo mi orí pé kí ó wí i. Ó fi ọwọ́ kékeré lu tábìlì gbàà:

"Òpè, dìde fún ọ̀ta!"

Ohùn Amẹ́ríkà ni ó fi wí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó! Ẹnjiníà fi ọwọ́ ti tábìlì, ó dìde díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ẹ má retí pé kí n sọ pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò ṣe mí! Ó dùn mọ́ mi dé mùdùnmúdùn. Gbogbo sọ́mà ni mo ti ń to ohun tí n óò sọ:

"Ẹnjiníà, ẹ rọra dìde o. Ṣọ́ọ̀kì máa ń yọ̀."

Ó gbọn èérún ṣinṣín kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní ó dára. Ó wá wo ìjókòó tí ó ti dìde, ó wo ojú mi.

"Ìjókòó ti ṣófo, Pírínsípà. Ta ló kàn?"

Mo ní Tiwa ni ọmọ ọmọ mi, a máa ń ta á nílé, kò sí ìdí tí a fi ní láti...

"Ẹ̀rù ń bà yín ni?" Gbogbo wọn ni wọ́n pa ohùn pọ̀! Mo wo Alhájì pé kí ó gbà mí. Alhájì oníwà pẹ̀lẹ́ yìí ní, "Òfin ni o, Bàbá Bọ́lá."

Tiwa nawọ́ sí àga tó ṣófo náà. "Grandpa, ẹ jókòó."

Kí ni mo lè ṣe? Mo jókòó. Mo ti gbàgbé pé bí mo ṣe ń kọ́ ọ kí ó máa wo Ẹnjiníà, èmi gan-an ni ó jókòó tì, tó ń wò lójoojúmọ́. Èmi náà ní àìsàn tèmi. Bí mo bá fẹ́ dẹ pàkúté, mo máa ń fọwọ́ kan fìlà, n kò sì mọ̀. Mo fọwọ́ kan fìlà. Tiwa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yẹra fún pàkúté, ó sì kó mi jẹ láti ilé dé ilé.

Ó parí. Tiwa wò mí, kò lu tábìlì. Ó ń fi ojú bèèrè lọ́wọ́ mi. Bí mo bá mi orí pé rárá, yóò dákẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ni mo wí, ẹni yòówù kí ó jẹ́. Ṣé olùkọ́ tó ń yí ẹ̀kọ́ padà nígbà tó bá kan ara rẹ̀ ni Tiwa yóò máa rántí ní Minnesota?

Mo mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Òpè, dìde fún ọ̀ta!"

Mo dìde. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti jẹ oúnjẹ òun, ẹ jẹ́ kí Pírínsípà náà jẹ tirẹ̀.

Nínú mọ́tò, Tiwa bi mí bóyá mo ń bínú. Mo ní wọn kì í bínú ayò. Ó ronú díẹ̀, ó ní tí Ẹnjiníà bá jẹ́ òpè, tí Grandpa náà jẹ́ òpè, a ti dọ́gba nìyẹn. Ó tún ní ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ òun. Ó ní Ẹnjiníà kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Mo kàn rọra fa fìlà mi wálẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Bí ẹ bá ń pọ́n idà fún ọmọ ọmọ yín, ẹ rántí pé ẹ̀yin náà lọ́rùn. Ṣé mo wá kábàámọ̀? Rárá o! Nítorí pé Tiwa padà sílé láìsí ẹni tó pa á, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí ìjókòó ọ̀ta. Alhájì ti yí àga tí Tiwa jókòó lé kọ ojú sí ògiri. Apá ibi tí àwọn òpè ń jókòó sí ni Ẹnjiníà ti ń ta ayò báyìí ní gbogbo Sátidé, tó sì ń wo àga náà. Ọ̀ta wà ní Minnesota, ó ń múra kíláàsì kejì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ọmọ ọmọ yín bá yín san èébú rẹ̀ padà rí, kí ni ó sì fi kún un fún ẹ̀yin náà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ mọ̀ pé n kò dá wà.

Ẹnjiníà, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń ka èyí. Ẹ má dán an wò. Ẹ ò gbọdọ̀ fìdí kan àga yẹn.