Okùn Ìdákọ̀ró Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àtẹ́lẹwọ́ mi rọ̀ bí òwú, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi iṣẹ́ okùn lé mi lọ́wọ́ nílé wa ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sétí ọ̀sà á rántí pé ọkọ̀ tó ń lọ sí Èbúté Ìkòròdú ní ìgbòkun, ó ní àjẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìdákọ̀ró ni ẹ̀mí èrò wà. Bí ìjì bá dé, òkúta ńlá tí a so mọ́ okùn ìko la ó jù sómi, òun ni yóò dá ọkọ̀ dúró. Bí okùn bá já, ó parí.

Èkó ni Bàbá ti wá. Ó wà lára àwọn tí ogun lé kúrò níbẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, kò sì kó nǹkan púpọ̀ bọ̀ ju ọkọ̀ rẹ̀, ìyá mi àti ọmọ mẹ́ta lọ: Sàfúrátù àkọ́bí, Sùlé tó tẹ̀ lé e, àti èmi Àmínátù tí wọ́n ṣì ń pọ̀n.

Bàbá ló kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ pé okùn ti tó pààrọ̀. Ojú kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. A máa ń se okùn nínú omi èèpo igi ẹ̀gbà etí ọ̀sà kó lè tọ́jọ́, bí a ti ń se àwọ̀n, tó bá sì jáde, á pọ́n, á máa dán, arúgbó okùn á dà bí ọmọge. Inú ló ti ń jẹrà. Nítorí náà, wọn á fi gèlè ìyá mi dì mí lójú, èmi á máa fa okùn gba àtẹ́lẹwọ́ mi kọjá, láti ìdí òkúta títí dé orí ọkọ̀. Ibi tó bá rọ̀ jù, tàbí tó tínrín, tàbí tí ìko ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ wúruwùru, mo gbọ́dọ̀ kígbe. Bàbá á tú ibẹ̀ wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun, a dúpẹ́. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ewé tó kú sómi, a ó lọ́ tuntun, ọjọ́ méjì gbáko sì ni. “Ọwọ́ tó ti di àjẹ̀ mú pẹ́ kò mọ nǹkan kan mọ́,” ni Bàbá máa ń wí, á wá na tirẹ̀ tó le bí ẹ̀yìn ahun sí mi kí n fọwọ́ kàn án.

Sùlé a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní afọ́jú ń ka kéú sára okùn. Lọ́jọ́ kan mo sùn lọ nídìí iṣẹ́ náà, Bàbá sì ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn kí n gbé apá méjèèjì sókè. Sùlé lọ jí ìkọ́kọrẹ́ bù wá, ó ń fi í sí mi lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọ ẹyẹ. Ó ti jẹ ẹja inú rẹ̀ tán o, ó ní kó má baà há mi lọ́rùn. Mo fẹ́ràn Sùlé. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ràn tó o.

Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Sàfúrátù, tó ti wọlé ọkọ ní Ìkòròdú, bí ọmọkùnrin. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ nílé wa! Ìyá mi ti lọ síbẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Ó ku ọ̀la kí wọ́n sọmọ lórúkọ nígbà tí Bàbá pè mí sídìí ọkọ̀ láàárọ̀, tó dì mí lójú. Mo fa okùn títí mo fi dé ìdajì, ibì kan sì rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Mo tún un tẹ̀, ó tún rọ̀. Mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọdé ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì la ó fi lọ́ òmíràn, ìkómọ á kọjá, bẹ́ẹ̀ Sàfúrátù ti ránṣẹ́ pé èmi ni n ó gbé ọmọ jáde fún àwọn ààfáà. Mo fà á kọjá.

Bàbá ní, “Àmínà, ṣé ó dáa?”

Mo ní, “Ó dáa, Bàbá.”

Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Afẹ́fẹ́ gbé èmi, Bàbá àti Sùlé dáadáa títí a fi ń rí èéfín Èbúté Ìkòròdú lókèèrè. Àfi bí ojú ọ̀run ṣe ṣú lójijì. Ìjì fa ìgbòkun ya, omi sì ń gbé wa lọ síbi àwọn òpó igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀. Bàbá ju òkúta sómi. Okùn le, ọkọ̀ dúró, mo ní, “Àlùhámúdù líláì!” Kò pẹ́ rárá tó fi já. Ọkọ̀ kọlu òpó, ó dojú dé. Bàbá fi ọwọ́ kan gbá mi mú, ó fi ìkejì di òpó. Sùlé kígbe pé òun ń bọ̀. A ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìkómọ gan-an ni wọ́n rí i. Wọ́n sin ín tán kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sì sọ ọmọ.

Bàbá sọ fún gbogbo èèyàn pé kádàrá ni. Kò dì mí lójú mọ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ okùn mọ́ láéláé. Mo rò pé ó ti mọ̀ pé mo purọ́, pé kò kàn fẹ́ wí ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú wọlé ọkọ, mo gbé e bímọ, mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Nígbà tí Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn tó pa á, mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo mọ̀ pé okùn ọjọ́ yẹn ò dáa. Irọ́ ni mo pa fún yín.”

Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó le náà sí mi. Ó ní, “Mo ti fọwọ́ kàn án kí n tó pè ọ́. Àní ọwọ́ mi yìí, ó mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ lọ rí ọmọ-ọmọ mi ni. Mo pè ọ́ kí o lè bá mi sọ pé ó dáa.”

Inú bí mi. Ẹ má bínú sí mi, inú bí mi sí bàbá mi tó ń kú lọ. Nígbà tó yá, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ sunkún.

Nígbà tiwa, ọkọ̀ ń dúró de afẹ́fẹ́. Lónìí, ọkọ̀ elééfín ń gba ọ̀sà wa kọjá, kò dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n sì fi so ìdákọ̀ró rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní ayé ti dára, pé irin kì í jẹrà, pé irú ikú tó pa ẹ̀gbọ́n mi kò lè pa ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gbà fún wọn pé irin lágbára ju ìko lọ. Ṣùgbọ́n okùn kọ́ ló pa Sùlé.