Ìgò Kékeré Tó Wà Nínú Fíríìjì Wa

Ẹnu mi ló kó bá mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mowe, mo gba máìkì, mo jẹ́rìí pé ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ti fi ohun tó ń dá jẹjẹrẹ dúró hàn wá. Gbogbo ìjọ pariwo haleluyà. Mi ò sọ fún wọn pé inú àwo kékeré la ti dá a dúró, kì í ṣe nínú ara èèyàn. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn lórí pẹpẹ?

Purotéènì kan wà tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń lò bí ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó lọ tẹ̀dó síbòmíì. Èròjà tiwa máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì yẹn, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì náà á sì wà lójú kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fún àwọn eku ní èròjà náà, ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́. Èmi fúnra mi ni mo la inú wọn.

Ọdún yẹn náà ni jẹjẹrẹ ọyàn Mọ́mì kó wọ egungun ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wẹ́dà tó ń jó irin ní Akute, kò yé bi mí léèrè.

“Ìwọ lo jẹ́rìí o. Where the medicine?”

“Bọ̀ọ̀dá mi, kò tíì di oògùn èèyàn.”

Kò gbà mí gbọ́. Ó ní mo ń pa á mọ́ de àwọn olówó.

Nígbà tó yá, dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń lò tán ní láàbù. Èròjà náà kò gbọdọ̀ móoru, sólà sì wà nílé wa, ni mo bá gbé ìgò rẹ̀ sínú kúlà, mo gbé e wálé. Mo fi pamọ́ sẹ́yìn ata lílọ̀ nínú fíríìjì, mo kọ ọ́ sí i lára pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òmùgọ̀ ni mí.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo ti ọjà dé, mo bá ìgò náà lófìfo lórí tábìlì. Mo sáré wọ pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí Mọ́mì sókè, ife ògì wà ní ètè rẹ̀. Mo fò mọ́ wọn, mo gbá ife náà, ó fọ́ mọ́ ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Ó kàn mí lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, eyín mi kan já bọ́ sórí ahọ́n mi. Ó fi irun dídì mi wọ́ mi, ó gbá orí mi mọ́ férémù ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

“O fẹ́ pa ìyá wa!” ni ó ń pariwo.

“Májèlé ni! Ó pa eku!”

“Eku ò ní faith!”

Mo gé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi, mi ò mọ̀ bóyá tèmi ni àbí tirẹ̀. Mo gbé àpótí ìjókòó, mo fi gbá a lórúnkún, ó ṣubú. Mo tún gbé e sókè, orí rẹ̀ ni mo fẹ́ fọ́, inú mi sì ń dùn sí i.

Ìgbà yẹn la gbọ́ tí àfọ́kù ń dún. Mọ́mì, tí kò lè dá dìde láti nǹkan bí oṣù kan, ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nílẹ̀, ó ń fi ìka kó ògì náà kúrò lórí sìmẹ́ńtì, ó ń fi sẹ́nu. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi tagbáratagbára já a gbà. Ni mo bá gbá a létí. Ìyá mi tó bí mi. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo gbọ́n ògì náà jáde, ó sì gé mi jẹ.

Kò bínú sí mi. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nìyẹn. Ó kàn rọra ń bẹ̀ mí bí ẹni ń bẹ nọ́ọ̀sì.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, díẹ̀ péré. Mi ò tíì fẹ́ kú.”

Mo mú aṣọ, mo nu ilẹ̀ náà lójú rẹ̀ títí kò fi ku nǹkan kan níbẹ̀.