Bàbá Aláṣọ Búlúù Inú Kùrukùru

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mùsùlùmí ni mí, mi kì í mutí, mo sì sùn dáadáa kí n tó wakọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìyá mi wà nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ bi wọ́n léèrè.

Nichelino ni mò ń gbé, lẹ́bàá Torino. Àbúrò mi obìnrin, Ràfíátù, fẹ́ gboyè ní yunifásítì ní Padova, Màmá sì wá láti Ọ̀ṣogbo nítorí ẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n máa pe orúkọ ẹ̀. Tó bá ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Bàbá wa ti kú, wọn ò lè rí i. Ohun tí Màmá ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ojú tiwọn rí i.

Nílẹ̀ yìí, ìwọ fúnra ẹ lo máa rọ epo ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Wàá ki káàdì bọ ẹ̀rọ, wàá fa rọ́bà, ọwọ́ ẹ á máa rùn títí dalẹ́. Màmá kórìíra ẹ̀. Ilé epo ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ láyé wọn. Bí ọkọ̀ bá ti yà wọlé, wọ́n á sáré jáde. Wọ́n á rọ epo, wọ́n á nu gíláàsì, wọ́n á wo omi àti ọ́ìlì, wọ́n á tẹ táyà wò. Tí wọ́n bá ṣetán, wọ́n á fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, pẹ́-pẹ́, ó di ọ̀nà. Mo máa ń jókòó sórí agolo ọ́ìlì ńlá kan níbẹ̀ lẹ́yìn iléèwé, inú mi á máa dùn ṣìnkìn. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn epo, ẹ̀rín ló ń pa mí.

Ó dáa, ẹ gbọ́. Kùrukùru bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá ti din àkàrà fún Ràfíátù, abọ́ ẹ̀ wà lórí itan wọn. Mo ṣìnà kúrò ní márosẹ̀, mo bá ara mi ní títì kékeré kan láàárín oko ìrẹsì, iná epo sì ti ń tàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Tí epo bá tán síbẹ̀, a ò ní bá Ràfíátù.

Ilé epo kan bá yọ lójijì.

Òyìnbó àgbàlagbà kan jáde wá, aṣọ iṣẹ́ búlúù ló wọ̀. "Il pieno?" ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́, ṣé kí àwọn rọ ọ́ kún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ ní tèmi, òtútù pọ̀. Màmá ti ṣílẹ̀kùn.

"Àgbàlagbà ń bá ọ ṣiṣẹ́, o jókòó tẹtẹrẹ! Sọ̀ kalẹ̀ kí o kí wọn."

Mo sọ̀. Màmá kúnlẹ̀ díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Kò ní rẹ̀ yín."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Epo kún, mo fẹ́ ká máa lọ, ṣùgbọ́n Màmá ò tíì kí wọn tán. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì. Wọ́n wo ọ́ìlì. Àwọn àti Màmá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, Màmá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Mo rò pé kálukú ń sọ èdè tiẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dé ìdí táyà ẹ̀yìn, Bàbá náà mi orí. Wọ́n tú u, wọ́n fi èyí tó wà nínú búùtù rọ́pò ẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, ibẹ̀ lara mi ti bù máṣọ. Òtútù ń mú kí èéfín máa jáde lẹ́nu èmi àti Màmá. Mo wo ẹnu Bàbá. Mo tún un wò. Nǹkan kan ò jáde níbẹ̀.

Mo yọ káàdì, wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n nawọ́ sí àkàrà. Màmá gbé abọ́ tọlọ́mọrí fún wọn tayọ̀tayọ̀. Bàbá bá fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Pẹ́-pẹ́.

Mo wakọ̀ kúrò níbẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ló kọ́ òyìnbó yẹn ní Yorùbá?"

"Yorùbá kẹ̀? Italian ni wọ́n ń sọ, Màmá."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí Ràfíátù."

"Ṣé ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wọn ni?"

"Rárá o," ni Màmá wí, wọ́n bojú wẹ̀yìn.

A wọ gbọ̀ngàn yunifásítì bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ Ràfíátù. Nígbà tó jáde, tí wọ́n dé e ládé ewé tí wọ́n ń dé fún ẹni tó bá gboyè níbí, Màmá jó yí i ká títí gèlè wọn fi já bọ́. Mi ò tíì yọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú, Màmá ní ká yà gba abọ́ àwọn. A rí ilé epo náà. Òrùlé ti wó, ẹ̀rọ ti dípẹtà, koríko ti ga dé orúnkún. Abọ́ Màmá wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó gbẹ, ó ń dán. Ìṣó gígùn kan wà nínú ẹ̀. Mo gbé táyà tí Bàbá náà tú jáde nínú búùtù, mo ki ìṣó náà bọ ojú ihò tó wà lára ẹ̀. Ó wọlé rẹ́gí.

Màmá rẹ́rìn-ín, omi lójú wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí sínú koríko.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà yẹn nígbà kùrukùru, mo bẹ̀ yín: bí bàbá aláṣọ búlúù bá jáde sí yín, ẹ má jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ má sì kánjú. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe ẹni tí ò kí wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí a wọ ọkọ̀ láti máa lọ, tí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀, a tún gbọ́ ọ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, pẹ́-pẹ́.