Ìwọ̀n ta ni yanrìn yẹn?

Mọ́tò eré ìje yẹn kéré, ó sì fúyẹ́ bíi páálí. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, bí awakọ̀ bá ṣe wúwo tó la fi ń mọ bí a ṣe máa yí sípíríǹgì ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá Bíréèkì, mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe, fi máa ń kó àpò yanrìn tó wúwo tó awakọ̀ sórí ìjókòó kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, géńdé tó sanra dáadáa, ló ń wà á kí àìsàn tó pa á. Ní báyìí wọ́n ti ta mọ́tò náà fún obìnrin kan tó rí tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀.

Obìnrin yẹn wà á lẹ́ẹ̀kan, ló bá dá a padà.

"Ọ̀gá, tí mo bá ti tẹ bíréèkì, ṣe ló ń fà mí sọ́wọ́ òsì! Àbí ẹ fẹ́ kí n ti inú gọ́tà délé ni?"

Ọ̀gá tú bíréèkì, kò rí nǹkan kan. Ó yí sípíríǹgì títí, pàbó.

Ìyàwó ẹ̀ gbé omi wá fún un, ló bá rí ìjókòó.

"Ọkọ mi, kí lẹ kó síbẹ̀ yẹn?"

"Yanrìn ni."

"Mo rí i. Ìwọ̀n ta ni?"

Ọ̀gá bojú wo àwọn àpò náà. Bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe máa ń kó o fún ọmọ ẹ̀ náà ló tún ṣe kó o. Ó rọra gbé àpò méjì sọ̀kalẹ̀. Mọ́tò náà gbéra sókè díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ kọjú sí ògiri.

Ọ̀gá mú sípánà, ó tún bẹ̀rẹ̀.