Lọ́rì Tí Mo Lóṣòó Rà

Òórùn epo ọkọ̀ tó ti dì, tó dà pọ̀ mọ́ ti ìgbẹ́ adìẹ àti ti ilẹ̀ tútù etí odò, òun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, lọ́dún díẹ̀ kí òmìnira tó dé. Lọ́rì onípákó kan ló dúró lábẹ́ igi ọsàn níbẹ̀. Táyà rẹ̀ ti rì wọlẹ̀, koríko ti gba abẹ́ rẹ̀, adìẹ sì ń sàba lórí àga awakọ̀. Mẹkáníìkì tí mo mú wá láti Iléṣà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ gbo ẹ́ńjìnnì, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí á jí o. Àmọ́ ẹ bi wọ́n bóyá àwọn adìẹ yìí wà nínú iye tí wọ́n ń pè."

Ọkàn mi ti wọ inú lọ́rì náà. Òṣómàáló ni mí nígbà yẹn, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà ẹgbẹ́ wa. Ẹ rántí bí iṣẹ́ náà ti rí: a ó ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú onílùú, bí ọjọ́ owó bá pé, a ó lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó rà á, a kò ní gba àga, a kò ní gba omi, títí yóò fi sanwó. Ìtìjú ni idà wa, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ará àdúgbò bá òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà òun. Ó ti sú mi láti máa gbé aṣọ kọ́ èjìká kiri. Mo rò ó pé bí mo bá tún lọ́rì yẹn ṣe, n óò máa fi kó kòkó láti Ifẹ̀wàrà wá sí Iléṣà, èmi náà á sì di ẹni tí wọ́n ń dúró dè lójú ọ̀nà.

Ẹni tó ni ín ti kú. Àwọn mọ̀lẹ́bí yọ̀ǹda lọ́rì náà fún ìyàwó rẹ̀ pé kí ó tà á, kí ó fi rán àwọn ọmọ níléèwé. Obìnrin náà, tó tó ẹ̀gbọ́n mi dáadáa, ṣì wà nínú ọ̀fọ̀, kò gbọdọ̀ jáde síta, nítorí náà ojú fèrèsé la ti ná an. Ó pe iye tirẹ̀. Mo bù ú sí ìdajì.

"Ìjẹ̀ṣà, ṣé igi ìdáná lo wá rà ni?"

"Ìyá, ẹ wò ó, koríko ti ń hù nínú rẹ̀."

"Koríko yẹn, mo fi ṣe èènì fún ọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lórí iye rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ títí ó fi kú. N kò ní ta ohun tó fi òógùn rẹ̀ rà bí ẹrù olè."

Mo bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ìta, mo lóṣòó, aṣọ mi léjìká. Mo lè búra pé ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ ṣe é fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń dúró de ohun tí mo bá ń fẹ́. Kò pẹ́ tí bàbá àgbà ilé kejì fi kọjá. Ó dúró, ó wò mí, ó mi orí.

"Ó mà ṣe o. Ṣé olóògbé jẹ ọ́ lówó aṣọ ni?"

Kí n sáà ti sọ pé, "Rárá, lọ́rì ni mo wá rà," ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí inú ilé ṣe pa lọ́lọ́ lẹ́yìn mi, mo sì mọ̀ pé obìnrin náà ti gbọ́. Mo dorí kodò. Bàbá lọ. Àwọn obìnrin méjì tó ń ti odò bọ̀ náà dúró, wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Mẹkáníìkì fọwọ́ kàn mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Èyí kì í ṣe ọjà níná mọ́." N kò dìde. Opó kò lè jáde wá sọ fún aráyé pé irọ́ ni. Mo mọ ìyẹn náà.

"Dìde lẹ́nu ọ̀nà ọkọ mi." Ohùn obìnrin náà kò ga rárá. "Mú ìdajì tí o fẹ́ san wá, kí o máa wọ́ ọkọ̀ lọ."

Mo sanwó, inú mi sì dùn. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n gbádùn ìrántí rẹ̀, pé inú mi dùn.

Ọdún yẹn kò parí tí lọ́rì náà fi ń ru kòkó, àmọ́ n kò jókòó nínú rẹ̀ kí ara rọ̀ mí. Nígbà tí ẹrù gbé wa dé Òṣogbo, mo ní kí awakọ̀ yà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo kó ìdajì tó kù nínú iye tó pè fún obìnrin náà. Ó gbà á nítorí àwọn ọmọ, kò dúpẹ́. Bí mo ṣe ń jáde ni bàbá àgbà yẹn rí lọ́rì.

"Ìjẹ̀ṣà, o kú oríire! O ti fi ọkọ̀ gba gbèsè rẹ."

Mo pariwo kí gbogbo agbolé lè gbọ́. "Bàbá, kò jẹ mí ní nǹkan kan! Mo rà á ni!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "Ẹ wo ọmọ rere. Kò fẹ́ fi orúkọ òkú ṣẹ̀sín." Àwọn tó dúró níbẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí padà, ó wọlé.

Mo tún un sọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà. Bí mo bá ti ń sọ pé olóògbé kò jẹ mí tó ni wọ́n ń yìn mí tó. Òtítọ́ tó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu ẹni tó ti jèrè, ìwà pẹ̀lẹ́ ni aráyé ń kà á sí. Títí di òní, ọmọlúàbí ni wọ́n ń pè mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, n kò sì tíì rí ẹni tí yóò gba orúkọ náà lọ́wọ́ mi.