Pọ́ǹpù Tí A Fi Èémí Wọ̀n

Òórùn pẹtiróòlù àti ti eérú tútù ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Màámi ti dáná sábẹ́ pẹpẹ púpurù láti ìdájí. Àwọn gbàgúdá tí wọ́n ti mọ róbótó-róbótó ń gba èéfín lórí rẹ̀. Bàbá mi yọrí lábẹ́ ọkọ̀, ó ní kí wọ́n pa iná, òun fẹ́ fi pẹtiróòlù wọn pọ́ǹpù. Màámi da omi sí i, èéfín funfun sì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkìtìpupa.

"Ṣé pọ́ǹpù la máa jẹ lọ́sàn-án?" Màámi béèrè.

"Ẹni tó bá jóná kì í jẹun," Bàbá mi dá a lóhùn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mẹkáníìkì ni Bàbá mi, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Bọ̀dá Akin, ló ni ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ ni, bàbá wọn ló fi í sílẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán, irin tó yí gíláàsì rẹ̀ ká sì funfun bí eyín. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Bọ̀dá Akin kò fẹ́ irú èyí tó kú mọ́. Ó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ńlá kan tó ní sìlíńdà mẹ́fà, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bàbá mi fi ń gé irin, tó fi ń jó irin, kó tó lè wọ inú ọkọ̀ náà.

Ohun tó kù ni pọ́ǹpù tí yóò máa fa epo láti inú táǹkì wá síwájú. Mẹ́ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Àkọ́kọ́ ni ti ọkọ̀ náà gan-an, èyí tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa ń tì. Agbára rẹ̀ kéré, kò lè bọ́ sìlíńdà mẹ́fà. Èkejì jẹ́ oníná, inú táǹkì ọkọ̀ ìgbàlódé kan ni wọ́n ti yọ ọ́. Tipátipá nìyẹn fi ń ti epo. Bàbá mi ní yóò bo kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, mọ́lẹ̀, epo á dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ọkọ̀ á gbiná. Ẹ̀kẹta náà jẹ́ oníná, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ìbéèrè kan ló kù lórí rẹ̀: ṣé epo tó ń fà tó?

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," ni Bàbá mi máa ń wí. Bó bá ń ra bàtà ilé ìwé fún mi, ọ̀rọ̀ náà ni. Bí Màámi bá ń bu oúnjẹ, òun náà ni.

Kì í fi aago wọn pọ́ǹpù. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ilutitun, bó sì ṣe kọ́ ọ nìyí: èémí kan, Halelúyà kan. Mọ́kànlélógún á gba bí ìṣẹ́jú kan, kó tó pé, ìgò tí wọ́n fi ń wọn epo pupa gbọ́dọ̀ kún fún ẹ́ńjìnnì tó tóbi tó èyí. Bàbá mi á di rọ́bà tí epo ń gbà jáde mú, èmi á máa ka Halelúyà. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mo sì ń fi yangàn.

Mo kà á. Nígbà tí mo dé mọ́kànlélógún, epo dúró sí èjìká ìgò.

"Kò tó," Bàbá mi wí. "Bó bá dúró, ó tó. Bó bá ń rọra lọ, ó tó. Ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ebi á pa á. Màá wá òmíràn ní Èkó lóṣù tó ń bọ̀."

"Lóṣù tó ń bọ̀ kẹ̀!" Bọ̀dá Akin pariwo. Ó ti ṣèlérí fún mi pé iwájú ni màá jókòó sí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bó bá ń gbé wa lọ síbi ìkórè ìjọ wa ní Àyèká. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ bí ọmọ yín ṣe ń mí, bí ajá tó lé òkété? Bọ́sẹ̀, sinmi ná, kí o mí bí ọmọ ènìyàn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mi ò ní fi ìgbà èwe bò ó. Mo fa èémí dé ìsàlẹ̀ ikùn, mo dá a dúró, mo rọra tú u sílẹ̀ kí n tó pe Halelúyà tó kàn, kí epo lè ráyè kún. Aṣọ ìkórè mi ni mo ń rí, àti ojú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Nígbà tí mo dé ìkọkàndínlógún, epo ti ń ṣàn lẹ́nu ìgò, ó ń kán sórí ẹsẹ̀ Bàbá mi.

"Ó tó," ó wí. Bọ̀dá Akin gbé mi sókè.

A lọ sí Àyèká, a bọ̀. Mo jókòó síwájú.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Bọ̀dá Akin nìkan ló wà nínú ọkọ̀ lọ́nà Erinje nígbà tó fẹ́ ya lọ́rì kan tó kó ẹyìn sílẹ̀ lórí òkè. Nígbà tí mo di oníròyìn, mo wá àwọn tó rí i kàn. Ìkálẹ̀ ni wọ́n fi bá mi sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sí Yorùbá tí gbogbo wa ń kà. Awakọ̀ lọ́rì náà ní: "Ó ti bá mi dọ́gba, ó juwọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n di aṣọ rẹ̀ mú. Mo tẹ búrékì kó lè ráyè wọlé. Lọ́rì gẹdú ti dé níwájú." Ìyá kan tó ń sá gbàgúdá létí títì ní: "Ọkọ̀ yẹn kò pariwo, ọmọ mi. Ó dákẹ́ ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ariwo dé."

Àwọn ará àdúgbò ní ayé ló ṣe é. Ìjọ gbààwẹ̀. Bàbá mi lọ tú pọ́ǹpù náà kúrò lára àfọ́kù ọkọ̀, ó yá aago tíṣà kan, ó sì wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta. Kò pè mí. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó; epo kò dé ẹnu ìgò lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó sọ fún Màámi pé, "Èmi ni mo pa á. Etí mi ló tàn mí." Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ ń ṣe oko ọ̀pẹ ní Erinje. Mi ò sọ nǹkan kan.

Iṣẹ́ mi báyìí ni kí n máa bi ènìyàn ní ohun tí wọn kò fẹ́ sọ. Mo ti jókòó níwájú opó, mo ti jókòó níwájú apànìyàn, mo sì ti sọ fún wọn pé òtítọ́ ń mú ara fúyẹ́. Ẹ̀rù ló pa ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn lẹ́nu mọ́. Nígbà tí èmi dàgbà, mo pe ìdákẹ́ kan náà ní àánú. Mo ní n kò fẹ́ ṣí ojú ọgbẹ́ arúgbó. Nínú àwa méjèèjì, ọmọdé náà ló sàn jù. Kò fún ẹ̀rù rẹ̀ ní orúkọ mìíràn.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ìwé yìí lọ sí Erinje, mo sì kà á fún Bàbá mi títí dé ibi tí ẹ kà dé yìí. Ó bi mí pé:

"Akin ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ń fa èémí náà gùn ni?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Oṣù kan gbáko ló fi wà láyé lẹ́yìn ìyẹn, tí o lè fi sọ fún un, Bọ́sẹ̀," ó wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò rí ìbéèrè kankan bi í.