Gààrí Abẹ́ Ibùsùn

"Ẹ má jẹ́ kí ṣíbí kan abọ́," ìyá àgbà sọ fún wa, ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. Ọ̀sán gangan ni. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ó ti ta ìró bo fèrèsé, èmi àti àbúrò mi jókòó sórí ẹní, à ń mu gààrí bí ẹni tó ń jalè. Omi rẹ̀ tutù, ó kan, ṣúgà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Lẹ́yìn ògiri, ọmọ kékeré aládùúgbò wa obìnrin, ẹni tó ń ta atiéké, oúnjẹ pákí tó jọ gààrí, ń sunkún. Ẹkún ebi ni. Ó máa ń sinmi díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dákẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. A sì ń mu gààrí wa lọ.

Abobo là ń gbé nígbà náà, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, nínú àgbàlá kan tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra. Ọdún tí ìbọn ń dún kiri ìlú ni. Àwọn òbí wa ti lọ sọ́jà ní Treichville, lódìkejì ìlú, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀nà dí mọ́ wọn lẹ́yìn, ọkọ̀ akérò gbaka kankan kò sì gòkè wá mọ́. Ọjà Abobo tì pa. Pákí kò wọlé láti oko, obìnrin atiéké kò rí nǹkan tà, kò sì rí nǹkan fún ọmọ rẹ̀ jẹ. Àwa ní garawa ńlá onídèérí kan lábẹ́ ibùsùn, gààrí kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Kí ogun tó dé ni garawa yẹn ti ń tì mí lójú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ìyá àgbà bá ti kírun tán, á wọ́ ọ jáde, á ku gààrí náà, á ṣa kòkòrò inú rẹ̀, òórùn kíkan á gba gbogbo àgbàlá. Á sá àjẹkù búrẹ́dì sórí páànù títí yóò fi le bí òkúta. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á ní, "Ta mémé là, elle attend quelle guerre?" Ogun wo ni ìyá àgbà mi ń retí? Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà rò pé ọ̀kan náà ni wá. Òun á ní, "Ẹ máa rín in. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n."

Ọ̀dọ́ ni nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Ghana. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí iná nígbà tó jáde nílé, kò sì padà débẹ̀ mọ́. Ó ní àwọn kan tó ń jẹun nílé òun ló júwe ìsọ̀ òun fún àwọn tó wá kó o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ìdí nìyẹn tó fi ní a ò gbọdọ̀ dáná. "Èéfín máa ń ṣòfófó," ó wí.

Bí a ṣe ń mu gààrí lọ́jọ́ náà, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà fi aṣọ bo abọ́ wa, ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fi ara dí i. Obìnrin atiéké ni. Ó gbé abọ́ kékeré kan dání, atiéké bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́.

"Mémé, on voit plus votre feu," ó wí. Kò rí iná wa mọ́, ló bá rò pé oúnjẹ ti tán nílé wa. "C'est pas beaucoup. Les enfants n'ont qu'à manger." Ó ní kò pọ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ rí i jẹ.

Ìyá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "I ni ce," ó fi Dyula dúpẹ́, "i ni ce." Omi gààrí ṣì wà létí ẹnu àbúrò mi. Mo bọ́ síwájú rẹ̀ kí obìnrin náà má baà rí i.

A jẹ atiéké náà, nítorí a kì í da oúnjẹ nù. Kò sí ohun tí mo jẹ rí tó ṣòro gbé mì tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku abọ́. Nílé wa, a kì í dá abọ́ olóore padà lófìfo; ó kéré tán, èèyàn á fi iyọ̀ tàbí obì kan sí i. Bí a bá sì bu gààrí sínú rẹ̀, àṣírí tú. Ìyá àgbà fọ abọ́ náà, ó tún un fọ̀, ó nù ún. Nígbà tó yá, ó nà án sí mi. "Lọ dá a padà fún un. Bá mi kí i."

Obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi. "Vous avez bien mangé? Dieu merci." Ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ na ọrùn, ó yọjú wo inú abọ́ náà, ó wá wò mí.

Nígbà tí mo wọlé, ìyá àgbà bi mí, "Kí ló wí?"

"Ó ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run pé a jẹun."

"Ọmọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wo inú abọ́ náà."

Ó fi gèlè bojú. Ó dìde. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ́ garawa jáde lábẹ́ ibùsùn, ó jẹ́ kó máa ha ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ròròrò títí dé àárín àgbàlá. "Gbé ìkòkò wá," ó wí. "Kí o dáná sí ìta gbangba."

Èéfín gòkè, àwọn ilẹ̀kùn sì ń ṣí. Obìnrin atiéké mú abọ́ kan náà wá. Ó wo garawa, ó wo ìyá àgbà. Kò bèèrè ohunkóhun, ìyẹn ló sì dùn wá jù. Ìyá àgbà ro ẹ̀bà fún un, kò lè gbójú sókè. "Má bínú," ó wí ní Yorùbá, èdè tí obìnrin náà kò gbọ́.

"Y a rien, mémé," obìnrin náà dáhùn, pé kò sí nǹkan kan.

Gààrí náà tán kí ọ̀nà tó là. Ebi wá pa àwa náà pẹ̀lú gbogbo àgbàlá, ṣùgbọ́n ọmọ náà yè, àwọn òbí wa sì padà wá bá wa. Ìyá àgbà kò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mọ́ títí tó fi kú.

Àdúgbò Siporex ni mò ń gbé báyìí. Omi ẹ̀rọ máa ń dá, omi òjò ń ya wọ ilé àwọn èèyàn, mi ò sì lè sọ pé ìyá àgbà ṣe àṣìṣe nígbà tó ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́. Èmi náà ń ṣe é. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa ń ṣí àpò ìrẹsì mi, mo máa ń ṣa kòkòrò inú rẹ̀, ojú ọmọ yẹn sì máa ń wá sí mi lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, mi ò dá abọ́ ẹnikẹ́ni padà lófìfo rí. Aládùúgbò mi ní ọmọ kékeré, à ń kí ara wa láràárọ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì sọ fún un pé ìrẹsì wà lábẹ́ ibùsùn mi.